Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́ Mi Ni Mo Tà, Orí Àwọn Ọmọ Mi Ni Mo Fi Búra

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mi ò wá tọrọ àánú lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó fara balẹ̀ kà á tán ná, kó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ èébú rẹ̀.

Lọ́yà ni mí. Kì í ṣe irú èyí tó ń wọ aṣọ dúdú lọ pariwo ní kóòtù o. Inú ilé-iṣẹ́ ni mo jókòó sí, ilé-iṣẹ́ tó ń ta gáàsì ìdáná. Ìwé àdéhùn ni mò ń kà, òfin ìjọba ni mò ń ṣọ́. Èmi ni mò ń sọ fún ọ̀gá pé èyí ṣe é ṣe, èyí kò ṣe é ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan wà tí à ń pè ní Adájọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fi jẹ adájọ́ níbì kankan. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin la ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé bí ẹni méjì bá ń jà lórí búrẹ́dì, á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, díẹ̀ ló sì kù kó gbọ́ tẹnu búrẹ́dì náà. Èmi, "Ẹnìkejì" ló máa ń pè mí. Lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, tí bàbá ọmọ wà lẹ́nu ìrìn-àjò, ọwọ́ Adájọ́ ni nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà lé.

Òun náà ń ṣe lọ́yà inú ilé-iṣẹ́. Gáàsì ni àwọn náà ń tà, àwọn gan-an ni wọ́n ń bá wa du ọjà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò da àárín wa rú rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwa lọ́yà inú ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe ìjókòó kan láàárọ̀, nínú yàrá ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì kan. Tábìlì róbótó mẹ́fà, tíì, bísíkíìtì, ẹ̀rọ amúlétutù tó tutù débi pé àwọn kan máa ń mú súwẹ́tà wá. A ó jíròrò lórí òfin tuntun, lórí ohun tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ wa ń béèrè, àti ìgbà tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀.

Alága wa jẹ́ àgbà lọ́yà kan tí a ń pè ní Bàbá Aláwò, torí pé awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, á kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ kó ọgbọ́n tó bá wù yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́, àti ilé-iṣẹ́ tó ti wá, inú yàrá yìí ni kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Gbogbo wa á dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," bí ọmọ ilé-ìwé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ mélòó ni ilé-iṣẹ́ lè dúró kó tó jẹ́wọ́ ni à ń jíròrò. Adájọ́ nawọ́ ní tábìlì wa.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan wà," ó ní, "tó rí i pé ọjà òun lè ṣe èèyàn léṣe. Kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni o. Àwọn ọ̀gá ní kí lọ́yà panu mọ́ títí ọjà náà á fi tán nílẹ̀. Kí ni kí lọ́yà náà ṣe?"

"Kó tètè wá iṣẹ́ mìíràn!" Lọ́yà ilé-iṣẹ́ oníbísíkíìtì ló sọ bẹ́ẹ̀, tábìlì sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́yà báńkì, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn, kò rẹ́rìn-ín. "Kó dá ọjọ́ fún wọn," ó ní. "Bí ọjọ́ náà bá pé tí wọn ò gbọ́, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé."

Èmi, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wò. Ó ti ya bébà ìnuwọ́ tó wà níwájú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe "ẹ jẹ́ ká sọ pé" lásán.

Nígbà tí a jáde sí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, mo fà á lápá. "Adájọ́, ilé-iṣẹ́ ta ni ilé-iṣẹ́ kan yẹn?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Wọlé sínú ọkọ̀."

Fáàfù ni, ìyẹn ẹnu kékeré orí sílíńdà tí wọ́n ń yí kí gáàsì tó jáde. Àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn rà ní oṣù tó kọjá ń jò. Nínú ogún, ẹyọ kan.

"Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bá wọn jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti borí, Ẹnìkejì! Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá wa fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé, a máa lọ jẹ́wọ́ fún àjọ, ọjọ́ yẹn náà la ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba sílíńdà padà nílé-nílé."

"Kí lo tún wá ń béèrè sí nínú ìpàdé, nígbà tí o ti borí?"

"Mo kàn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ohun tí mo ṣe dáa ni. Gbogbo wọn níbi iṣẹ́ ń wò mí bí ọ̀tá." Ó nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan lo gbọ́ o."

"Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún?"

Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mi ò tíì gbé àpò kalẹ̀ tí wọ́n ní Ọ̀gá Àgbà ń pè mí. Ọ̀gá wa jẹ́ ọkùnrin tó máa ń fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jókòó, Lọ́yà. Ó dáa kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àga tó ṣófo nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, ẹni ìta ni wọ́n fẹ́ gbé e fún."

Àga yẹn ni mo ti ń wò láti ọdún kẹrin. "Sà, ṣé mo ṣe àṣìṣe kan ni?"

"Rárá. Wọ́n ní ẹ mọ òfin, ṣùgbọ́n ẹ kì í mú nǹkan wálé. Loṣooṣù lẹ ń lọ síbi ìjókòó yẹn. Kí lẹ gbọ́ níbẹ̀ lónìí?"

Gbogbo ìgbà tó bá bi mí bẹ́ẹ̀, èsì mi kì í ju ẹyọ kan lọ: "Ọ̀rọ̀ òfin lásán ni, sà." Ó ti wà lórí ahọ́n mi lọ́jọ́ náà. Mo wo ojú fèrèsé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń to sílíńdà sínú ọkọ̀ akẹ́rù nísàlẹ̀, wọ́n ń kọrin.

Mo sọ fún ara mi pé aráàlú ló yẹ kó tètè gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ Ajé ti jìnnà jù. Irọ́ ni. Àga ni mò ń wò.

"Sà," mo ní, "bí mo bá sọ nǹkan kan fún yín, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti jáde."

Ọ̀gá Àgbà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó bá akọ̀ròyìn kan sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn ló wà: fáàfù tó ń jò, iye tó ń jò, ilé-iṣẹ́ tó ń tà á.

Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde, wọ́n á kàn yára gba sílíńdà wọn padà ni. Bí ẹ̀rù bá ba ọlọ́rọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣe. Wọ́n sẹ́. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, wọ́n gba àwọn lọ́yà ńlá láti ìta. Ìwé ìjẹ́wọ́ tí Adájọ́ ti kọ sílẹ̀, wọ́n fà á ya. Kò sí sílíńdà kankan tó padà wálé ní ọjọ́ Ajé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí ọjọ́ Ajé ọ̀hún kò tíì pé, Adájọ́ wá sílé wa. Àwọn ọmọ mi dì mọ́ ọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó fi ọwọ́ pa wọ́n lórí, ó sì fà mí wọ ilé ìdáná.

"Ẹnìkejì, ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

"Ṣé èmi lo wá ń bi?" Mo gbóhùn sókè, kí ó lè dà bíi pé inú ló ń bí mi.

"Mi ò fẹ́ bi ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Wọ́n ní èmi ni mo lọ bá akọ̀ròyìn, pé èmi ni mo fẹ́ fi agbára mú wọn. Jọ̀ọ́, sọ fún mi."

Bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ì bá bínú, ì bá sunkún, ì bá sì ráyè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sókè.

"Mo fi orí àwọn ọmọ mi búra. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ojú rẹ̀ rọ̀ lọ́gán. Ó dì mọ́ mi. "Má bínú. Má bínú, jọ̀ọ́. Ojú ló ń pọ́n mi."

Mo ní kò burú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tan sítóòfù láàárọ̀. Fáàfù sílíńdà rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọn ò gbà padà, ti ń jò láti àná. Ojú rẹ̀ jóná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jóná. Inú ìwé ìròyìn ni mo ti kà á, nínú ọ́fíìsì mi tuntun, lórí àga tí mo ti ń wò láti ọdún kẹrin.

Ilé-iṣẹ́ lé Adájọ́, wọ́n sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn lọ́yà wí, pé ó tú àṣírí oníbàárà rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun lọ síbi ìgbẹ́jọ́. Mo tẹ̀ lé e. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo gbé àpò mi lé itan.

Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ló ṣe alága. "Yàtọ̀ sí àwọn ará ilé-iṣẹ́ yín, ta lẹ tún sọ ọ̀rọ̀ yìí fún?"

"Ẹnì kan péré, mà. Ọ̀rẹ́ mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ẹ foríjì mí, mà, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ó ti búra fún mi, irú ìbúra tí ìyá ọmọ kì í fi ṣeré. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ níbí, mo ti ba iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ lórí ohun tí kò ṣe."

"Ẹ mọ̀ pé bí ẹ ò bá dárúkọ ẹ̀, ọrùn yín ni gbogbo ẹ̀ máa wà?"

"Mo mọ̀, mà."

Ó kù kí n dìde. Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tó kù. Ǹ bá sọ fún yín pé ẹsẹ̀ mi ò gbé mi, ṣùgbọ́n mo ti parọ́ tó. Ẹsẹ̀ mi le koko. Èmi ni mi ò dìde.

Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn lọ́yà. Nígbà tí a jáde, òun ló tún ń tù mí nínú, torí pé mò ń sunkún.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni í ṣe. Ọdún kan àti oṣù méjì ló fi yọ́ rìn kó tó bá mi.

Ìjókòó ńlá ọdọọdún ni. Wọ́n fi mí sórí pèpéle láti sọ̀rọ̀ lórí bí lọ́yà ṣe lè pa àṣírí mọ́ láìpa aráàlú lára. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Wọ́n tún pe Ọ̀gá Àgbà wa kó wá sọ bí ọ̀gá àti lọ́yà ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n fún èmi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, wọ́n fún òun náà ní ọ̀kan.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. "Àwọn kan ní lọ́yà inú ilé-iṣẹ́ ò mọ̀ ju kó máa sọ pé 'rárá' lọ. Irọ́ ni! Ẹ rántí fáàfù tó ń jò níjọ́sí? Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Olùdarí wa tó jókòó yìí ni! Ìjókòó yín yìí ló wá láàárọ̀. Kí n tó jẹun ọ̀sán, mo ti mọ iye tó ń jò, mo ti mọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ jẹ́wọ́. Ẹ má fi ìjókòó yìí ṣeré o, ó wúlò!"

Ó dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dáwọ́ dúró.

Bàbá Aláwò bọ́ awò ojú rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ lásán rí. Ojú kékeré, tó pọ́n.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ìwọ ni?"

Kí n tó fèsì, Lọ́yà báńkì ti dìde. "Mo wà níbi ìgbẹ́jọ́ lọ́yà obìnrin tí wọ́n lé yẹn. Ọ̀rẹ́ kan péré ló ní òun sọ fún, tó kọ̀ tí kò dárúkọ rẹ̀." Ó nàka sí mi. "Ìwọ lo jókòó lẹ́yìn mi. O ń sunkún. Àní mo fún ọ ní áńkáṣíìfù mi."

Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́nu mi, kò sì sí ohun tí gbogbo yàrá ń gbọ́ ju bí mo ṣe ń mí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ọ̀gá Àgbà ti lé mi. "Ẹni tó tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi," ó ní, "ta ló máa tú tèmi fún?" Ọkùnrin kan náà tó lọ ti ilẹ̀kùn ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ Adájọ́ pa orúkọ tèmi náà rẹ́. Mi ò jà.

Ti ilé ló pa mí. Bàbá àwọn ọmọ mi kò pariwo. Ó kàn jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí," ó ní. "Lọ́jọ́ Àìkú tó wá yẹn, mo wà ní pálọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ láti ilé ìdáná. Orí àwọn ọmọ wa lo fi búra, ìwọ fúnra rẹ sì mọ̀ pé irọ́ ni."

Kò kọ̀ mí. Ilé kan náà là ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá gbóná báyìí, bí ó tiẹ̀ jẹ́ ikọ́ lásán, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Á kàn wò mí.

Ìgbìmọ̀ kọ̀wé pé àwọn ṣe tán láti tún ẹjọ́ Adájọ́ gbọ́ bó bá lè fọwọ́ sí ìwé kan. Lẹ́tà náà dé ilé rẹ̀ àtijọ́, ó ti kó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo wá a lọ síbẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ onílé, mo ní èmi ni màá mú un lọ fún un.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí kóòtù ni mo bá a, níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé. Lọ́yà kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń gbé ohùn sókè sí i pé kó ṣe kíá. Nígbà tí ìyẹn lọ, mo bọ́ síwájú.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní.

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé àgbàlagbà kan ló wà lẹ́yìn mi.

"Adájọ́, èmi ni. Ẹnìkejì rẹ."

"Mo dá yín mọ̀, mà."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dìde, mà," ó ní, "íńkì wà nílẹ̀ yẹn, ó máa ba aṣọ yín jẹ́."

Mo na ìwé náà sí i. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, bó ti máa ń ka ìwé. Ó ká a, ó sì dá a padà fún mi.

"Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jóná yẹn, mo máa ń lọ wò ó lóṣooṣù. Kò lè di ṣíbí mú. Ìwé àṣẹ wo ni kí n tún lọ gbà lórí ìyẹn?"

"Ìwọ kọ́! Èmi ni mo fà á!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún ọ̀gá yín, mà. Èmi ni mo sọ fún yín."

Ohùn rẹ̀ kò gbóná, kò sì tutù. Mo sunkún, mo bi í bóyá ó lè dárí jì mí lọ́jọ́ kan.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún díẹ̀. Èèyàn wà lẹ́yìn yín."

Mo sún. Bàbá kan tẹ̀ síwájú, ó kó ìwé rẹ̀ lé tábìlì, Adájọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Adájọ́ fi pè mí ní "ìwọ". Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ẹni tó ń pè yín bẹ́ẹ̀, tó lè jókòó tì yín nínú ọkọ̀ kó sì tú inú rẹ̀ fún yín, ẹ bá mi ṣọ́ ẹnu yín. Wọ́n lè dárí jì yín o. Ṣùgbọ́n "ẹ̀yin" ni wọn á máa pè yín títí ẹ ó fi kú.